Owó Tí Wọ́n Fún Ọmọ, Tí Wọ́n Yọ Lára Ti Ìyá

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi bá àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí ojú mi rí. Ọ̀rọ̀ mi kan àwọn tó ń tọ́jú òbí, ọkọ, aya tàbí ọmọ wọn tí ara rẹ̀ kò le, kì í ṣe àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kéà tí iléeṣẹ́ ń san owó oṣù fún. A máa ń da méjèèjì pọ̀ nítorí pé orúkọ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì pè wọ́n, àwọn kan nínú wa kò sì mọ̀ pé owó kan wà fún ọmọ tó ń wẹ̀ fún ìyá rẹ̀, tó ń fún un lóògùn, tó sì ń bá a ṣọ́nà lóru.

Carer's Allowance ni wọ́n ń pe owó náà. Ọdún 1976 ni ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn, wọn kò sì jẹ́ kí abilékọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ gbà á títí di ọdún 1986, nígbà tí Jacqueline Drake, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú ìyá rẹ̀, gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ Yúróòpù tí wọ́n sì dá a láre. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 títí di oṣù kẹrin ọdún 2026, £83.30 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń san fún ẹni tó bá ń fi ó kéré tán wákàtí 35 tọ́jú ẹni tó ń gba owó àìlera, bíi Attendance Allowance. Bí olùtọ́jú bá ń ṣiṣẹ́, owó tó kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn owó orí kò gbọ́dọ̀ ju £196 lọ lọ́sẹ̀ kan lọ́dún náà. Bí ó bá fi pọ́n-ùn kan ṣoṣo kọjá ibẹ̀, gbogbo £83.30 ló lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Ìyá mi ń dá gbé nínú fúláàtì tirẹ̀, ó ń gba Attendance Allowance, ó sì ń gba Pension Credit, ìyẹn owó tí ìjọba fi ń ran àgbàlagbà tí owó rẹ̀ kéré lọ́wọ́, èyí tí àfikún £82.90 lọ́sẹ̀ (iye ti ọdún 2025 sí 2026) wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí àìlera rẹ̀ le tí kò sì sí àgbàlagbà mìíràn tó ń bá a gbé. Nígbà tí mo béèrè owó tèmi tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án, ìyá mi gba lẹ́tà pé àfikún náà ti dópin, nítorí pé ẹnìkan ti ń gba owó lórí ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: £83.30 wọlé, £82.90 jáde, 40 pẹ́nsì ló kù fún àpò àwa méjèèjì, owó orí sì lè kan tèmi nígbà tí kò kan tirẹ̀. Òtítọ́ ni pé ìlà kan wà nínú fọ́ọ̀mù tó kìlọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, mo sì kà á kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pe ọ́fíìsì tí mo kọ̀wé sí, ẹni tó gbé fóònù kò lè sọ fún mi iye tí ìyá mi máa pàdánù. Ìyá mi bi mí pé, “Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni pé o ń tọ́jú mi ni?” N kò rí èsì fọ̀.

Nínú ilé mìíràn, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbàlagbà kan wà tó jẹ́ pé àfikún yẹn nìkan ló jẹ́ kí Pension Credit tọ́ sí wọn. Bí ó bá lọ, Pension Credit lọ pẹ̀lú rẹ̀, ìrànwọ́ owó ilé lè dín kù, ẹni tó ti pé ọdún 75 sì máa padà sanwó láìsẹ́nsì tẹlifíṣọ̀n.

Ní ti Universal Credit, owó ìrànwọ́ fún ẹni tí kò tíì fẹ̀yìntì tí owó rẹ̀ kéré, ohun tí wọ́n bá fún ọ ní Carer's Allowance ni wọ́n máa yọ kúrò níbẹ̀ ní iye kan náà gẹ́lẹ́, àmọ́ wọ́n ń fi àfikún kún un lóṣù nítorí ìtọ́jú (£201.68 ni ní ọdún 2025 sí 2026), àfikún yìí kò sì ní ààlà owó iṣẹ́ tirẹ̀. Bí owó iṣẹ́ bá ń gòkè, pẹ́nsì 55 ni wọ́n ń dín nínú Universal Credit lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Ìjọba mọ bí wọ́n ṣe ń dín owó kù díẹ̀díẹ̀, nítorí náà n kò rí ìdí tí olùtọ́jú fi gbọ́dọ̀ pàdánù gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbèsè tó ti ibẹ̀ yọ, ìyẹn owó tí wọ́n ní àwọn olùtọ́jú gbà kọjá ààlà tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá padà, ti kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ìwádìí tí ìjọba gbé lé Liz Sayce lọ́wọ́, tó jáde ní ọdún 2025, fi hàn pé ìtọ́ni tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń ṣírò owó tí kò dúró lójú kan ní àṣìṣe nínú, ìjọba sì ti gbà láti tún àwọn gbèsè wọ̀nyẹn yẹ̀ wò.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa, a ó sì máa ṣe é bí ìjọba kò tilẹ̀ san kọ́bọ̀. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí wọ́n má ṣe fi ìtọ́jú ọmọ dín owó ìyá kù. Ní báyìí ná, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ béèrè, ẹ kọ́kọ́ gbé lẹ́tà owó òbí yín lọ sí Citizens Advice tàbí Age UK, àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n bá yín ṣírò ti ilé méjèèjì pọ̀. Ẹni tí físà rẹ̀ kò fàyè gba owó ìjọba kò gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù kankan láìrí agbẹjọ́rò. Èmi ti dá tèmi dúró, mo sì gba Carer's Credit dípò rẹ̀: kì í ṣe owó, ṣùgbọ́n ó ń dáàbò bo owó ìfẹ̀yìntì mi, kò sì kan owó ìyá mi. Mo ti kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò wa lórí £82.90 náà, mo sì ń bẹ àwọn òǹkàwé yín tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí láti kọ̀wé sí tiwọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù