Ẹ̀sùn: script yín pa ìkànnì wa rẹ́, ó sì ní iṣẹ́ ti parí

Tanke,
Ìlọrin,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Sáfà,

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Láti ọjọ́ Ajé tí ẹ ti kó wa lọ sórí sáfà tuntun ni ìkànnì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ti ṣófo. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán tó fẹ́ gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, 404 (àmì pé ojú-ewé kò sí) ni wọ́n ń bá pàdé. Ohun tí git push, àṣẹ tí a fi ń fi àtúnṣe ìkànnì ránṣẹ́ sí sáfà, wí fún wa nìyí:

remote: hooks/post-receive: line 6: hugo: command not found
remote: Deploy successful

Ìlà kìíní ní òun kò rí Hugo, ètò tó ń kọ́ ojú-ewé ìkànnì wa; ìlà kejì ní iṣẹ́ ti yọrí. Ìlà kejì yẹn ló dùn wá jù. Hugo wà lórí sáfà lóòótọ́. Bí a bá fi ssh wọlé sórí sáfà láti òkèèrè, ó ń dáhùn. Ṣùgbọ́n inú fódà ~/bin lẹ fi í sí, fáìlì .profile, tí sáfà ń kà nígbà tí a bá wọlé, ló sì ń fi ~/bin kún PATH, àkójọ ibi tí sáfà ti ń wá ètò. Git push kì í ka .profile. Script yín, post-receive tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn git push, sì ti kọ́kọ́ pa fódà public, ibi tí Hugo ń kó ojú-ewé sí, rẹ́, ó ṣẹ̀dá òmíràn tí kò ní nǹkan kan nínú. Nígbà tí Hugo kọ̀, kò sí set -e tí yóò dá script dúró, ló bá bọ́ sórí rsync -a --delete, àṣẹ tó ń da ohun inú public kọ sórí ìkànnì, tó sì ń pa ohun tí kò bá sí nínú public rẹ́ níbẹ̀. Ká ní public kò sí rárá ni, rsync ìbá pariwo, kì bá sì pa ohunkóhun. Àmọ́ fódà wà, ó kàn ṣófo ni, ni --delete bá sọ ìkànnì wa náà di òfìfo.

Ojú-ewé wa wà nínú Git, ètò tó ń pa gbogbo àtúnṣe wa mọ́. Àwọn fọ́ọ̀mù PDF inú fódà foomu, tí akọ̀wé máa ń gbé sórí sáfà tààrà, kò sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wọ́n jáde nínú bákọ́ọ̀pù yín kí èyí tuntun tó bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi set -euo pipefail sí ìlà kejì script kí àṣìṣe lè dá a dúró, ẹ kọ ọ̀nà Hugo ní kíkún, kí test -s public/index.html, tó ń wò bóyá fáìlì náà wà tí kò sì ṣófo, sì ṣáájú rsync. Ẹ fi --exclude=/foomu/ kún rsync náà kí ó má fọwọ́ kan fódà foomu, pẹ̀lú --max-delete=20, kí ó má baà lè pa ju ogún fáìlì lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ rántí pé post-receive kò lè kọ push: kó tó bẹ̀rẹ̀, Git ti gba commit (àtúnṣe tí a fi ránṣẹ́). Ohun tó bá kọ síwájú wa nìkan la fi ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ yọrí. Ẹ má jẹ́ kó kọ "successful" mọ́ àyàfi tí rsync bá parí láìní àṣìṣe.

A ti dáwọ́ git push dúró títí ẹ ó fi dáhùn. Sátidé ni ìpàdé gbogbogbòò, fọ́ọ̀mù wọ̀nyẹn sì ni àwọn ènìyàn máa buwọ́ lù níbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Alámòójútó ìkànnì ẹgbẹ́