Káàdì adójútòfò yín kì í ṣe ọ̀tá VA

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ àwa ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà tí a ń já adójútòfò ìlera ibiṣẹ́ wa sílẹ̀ torí pé VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwa ajagunfẹ̀yìntì, ń tọ́jú wa kò yé mi. Ìyàwó àtọmọ ńkọ́? VA kì í sábà tọ́jú ìdílé.

Orúnkún mi tó bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ìjọba ló ń dá gbé bùkátà rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ ikọ́ lásán ló gbé mi dé ilé ìwòsàn VA, adójútòfò mi ni VA máa kọ̀wé owó sí. Bí adójútòfò ò bá san án tán, VA kì í bi mí ní ìyókù, àyàfi owó díẹ̀ tó bá kàn mí. Akọ̀wé ẹnu ọ̀nà á ṣáà béèrè káàdì yẹn. Ẹ fún un, ẹ jọ̀ọ́.

Ajagunfẹ̀yìntì kan,
Texas