Má Tíì Gbé Èrò, Àjàní

Ìsẹ́yìn,
Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú.

Àjàní ọmọ mi,

Ìyá rẹ ló fi àwòrán náà hàn mí lórí WhatsApp. O jókòó lórí ọ̀kadà tuntun, táyà ń dán, ọ̀rá ò tíì kúrò lára ìjókòó rẹ̀. Inú ìyá rẹ ń dùn. Akoto ni ojú tèmi lọ bá, níbi tí o fi kọ́ sára díńgí ọwọ́ òsì. Mo dá fóònù padà fún un, mo jáde lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù.

Mi ò bínú pé o ra ọ̀kadà. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń tún un ṣe, òun ló sì rán ẹ lọ sí pọ́lì. Ẹni tí ọ̀kadà ń bọ́ kì í bú ọ̀kadà. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni bí o ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Mọ́kọ́lá sí Òjóò, kí o lè máa rí owó rẹ̀ san díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ mélòó lo fi kọ́ ọ? O sọ fún ìyá rẹ pé ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Ẹni tó bá ti mọ jíà, tó mọ kílọ́ọ̀ṣì, tí ọ̀kadà kì í kú mọ́ ọn lọ́wọ́ mọ́, ó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n wà nìyẹn. Kí ọ̀kadà lọ kò le, Àjàní. Kó dúró níbi tí o fẹ́ kó dúró sí, iṣẹ́ ńlá ni.

Tí wọ́n bá gbé ọ̀kadà tó ti ní jàǹbá wá bá mi, kí n tó wo fọ́ọ̀kì tó ti wọ́, táyà ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ máa ń yí wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, màá rí ibì kan lára rẹ̀ tó ti jẹ pẹlẹbẹ, bí ẹni fi fáìlì ha á. Ibẹ̀ ló fi wọ́ lórí ọ̀dà nígbà tí ẹni tó ń wà á gun bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tí táyà ò lè yí mọ́. Lẹ́yìn náà ni màá fún bíréèkì ọwọ́, ìyẹn ti iwájú. Á ti dì pa, eruku á ti dí i. Òmíràn ò tilẹ̀ ní wáyà bíréèkì iwájú mọ́, ẹni tó ni ín ló yọ ọ́ dànù, ó ní òun ló máa ń la èèyàn mọ́lẹ̀.

Irọ́ gbuu. Bí o bá ń dúró, iwájú ni gbogbo ẹrù máa ń rọ́ lọ, tìrẹ àti ti ọ̀kadà, ìyẹn ni táyà iwájú ṣe máa ń di ilẹ̀ mú. Ẹ̀yìn ti fúyẹ́ nígbà yẹn, kó yọ̀ ló kù. Ohun tó ń la èèyàn mọ́lẹ̀ ni kó já bíréèkì iwájú gbà lójijì, tàbí kó fún un nínú kọ́nà, tàbí lórí iyanrìn. Wọ́n máa ń rọra fún un ni, bí ẹni ń fún ọsàn tí kò fẹ́ kí kóró rẹ̀ bọ́ sínú ife, kó tó wá le mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ á sì máa ran ọwọ́ lọ́wọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Amẹ́ríkà ka ìwádìí kan fún mi lórí fóònù. Harry Hurt àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California ló ṣe é. Jàǹbá alùpùpù 900 ní agbègbè Los Angeles ni wọ́n tú wò fínnífínní, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1981. Ó lé ní ìdajì àwọn tó ní jàǹbá yẹn tí kò tíì lò tó oṣù 5 lórí alùpùpù tí wọ́n gùn lọ́jọ́ náà. Nínú 100, àwọn 92 ló jẹ́ pé fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ọ, tàbí kí ọ̀rẹ́ tàbí mọ̀lẹ́bí kọ́ wọn. Bíréèkì ẹ̀yìn ni wọ́n tẹ̀ pa, wọn ò sì fún ti iwájú bó ṣe yẹ. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ tún un kà. Mo ti rò pé àwa ará Ìsẹ́yìn nìkan là ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tún rí i pé mọ́tò tó fẹ́ yà sọ́wọ́ òsì, tó sì já sí iwájú alùpùpù, ló ń fa púpọ̀ nínú jàǹbá náà. Dírẹ́bà á ní òun ò rí i, kì í sì í ṣe pé ó ń purọ́. Nítorí náà, tan iná iwájú rẹ lọ́sàn-án gangan, jẹ́ kí wọ́n máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ní oríta, má wo ojú dírẹ́bà, táyà iwájú rẹ̀ ni kí o máa wò. Táyà kì í tan èèyàn, kí mọ́tò tó yà ni òun ti yà. Ọ̀nà Mòníyà sí Ìsẹ́yìn tí wọ́n tún ṣe yẹn dùn lẹ́sẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí o bá ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí, o ti jẹ nǹkan bíi mítà 17 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ọwọ́ rẹ lè má tíì kan bíréèkì. Ọ̀rọ̀ paraga, mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún ẹ̀yin ọmọ rí.

O ṣì kéré nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọlọ́kadà tí kò dé akoto, ní January 2009. Àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ike ọ̀dà, ó di ẹ̀rín káàkiri Nàìjíríà. Àwọn èrò míì ò gbà láti dé akoto ọlọ́kadà rárá, wọ́n ní oògùn wà nínú rẹ̀. Àwa náà rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ra ọ̀kan, kí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi lè rí nǹkan gbé dání tí ẹ̀ṣọ́ bá dá wọn dúró. Gbé dání ni mo sọ o.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan wà lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó mọ ọ̀kadà wà. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, mo ní kó gùn ún dé iwájú ọjà kó padà wá. Ó gbé akoto lé orí tánkì. Ewúrẹ́ kan já lu ọ̀nà, ó gun bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ìdí ọ̀kadà yọ̀, orí rẹ̀ sì ba etí gọ́tà. Kì í ṣe pé ó ń sáré, jíà kejì ló wà. Akoto yí lọ sínú koríko, èmi ni mo lọ ṣà á. Akoto náà kò ní ojú ọgbẹ́ kankan. Òun ló ń bẹ lára ògiri ṣọ́ọ̀bù títí dòní, tí ẹ̀yin ọmọ rò pé mo fẹ́ tà.

Àwọn tó wá kí wa ní Ògún ni. Mi ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n Ògún kọ́ ló fún un ní kọ́kọ́rọ́. Èmi ni. Mo kọ́ ọmọ yẹn ní jíà, mi ò kọ́ ọ ní bíréèkì.

Oṣù 5 tí àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn wí, jẹ́ ká sọ ọ́ di mẹ́fà. Máa fi ọ̀kadà rẹ lọ síbi iṣẹ́ wáyà rẹ, má gbé èrò, má gbé ọ̀rẹ́, má wà á lóru. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn ẹ máa yí bó ṣe ń dúró padà, o ò sì tíì mọ bó ṣe ń dúró pẹ̀lú ìwọ nìkan. Owó tó yẹ kí o san láàárín oṣù mẹ́fà náà, èmi àti ìyá rẹ ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Èsúsú máa kàn án lóṣù tó ń bọ̀.

Mo ti fi akoto kan rán dírẹ́bà tó ń ná Ìbàdàn, lọ gbà á ní gáréèjì Mòníyà. So okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n, kó má fàyè gbà ju ìka méjì lọ. Bí o bá fi ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré, sọ ọ́ nù, fómù inú rẹ̀ ti jẹ ìyà tìrẹ tán.

Ní Sátidé, wá sílé. Pápá ilé ìwé máa ń ṣófo láàárọ̀, mo sì ti fi wáyà tuntun sí bíréèkì iwájú ọ̀kadà ṣọ́ọ̀bù. Òun la máa fi bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò ni kí o wọ̀ wá o.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.