Yánníbo ló ń sọdá títì yẹn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi kọ̀wé sí yín. Ẹni tó kọ ọ́ ń gbé ní New Jersey bíi tèmi, ó sì ń fi àwọn òyìnbó tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì nítorí ìjàpá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ayé ló dẹ̀ wọ́n lọ́rùn jù. Ọkọ̀ ni mo fi ń jẹun, ọ̀nà etíkun láti Atlantic City dé Cape May ni mo sì ń ná. Mo mọ bó ṣe ń rí kí èrò máa kánjú, kí ọkọ̀ iwájú sì dúró gbagidi. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹni wa yẹn sọ kò tọ̀nà.

Àwọn ìjàpá tó ń sọdá nínú oṣù kẹfà àti oṣù keje kì í ṣe alárìnkiri. Abo ni wọ́n, ẹyin ló sì ń gbé wọn kiri. Diamondback terrapin ni wọ́n ń pe irú ìjàpá yìí, inú àbàtà tí omi òkun ti pàdé omi odò ló ń gbé. Akọ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde níbẹ̀. Abo ló gbọ́dọ̀ wá ilẹ̀ iyanrìn gíga tí omi kò ní bò, kó tó gbẹ́ ihò, kó sì yé ẹyin sí i. Òkìtì iyanrìn tí àwọn ìyá ńlá wọn ń yé sí, ilé ìgbafẹ́ ti gba ibẹ̀. Ilẹ̀ gíga tó ṣẹ́kù láàárín àbàtà kò ju etí títì lọ. Títì ló wá bá wọn nílé, àwọn kọ́ ló wá bá títì.

Nínú àlọ́ tí wọ́n pa fún wa, Ìjàpá ló jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè kí Yánníbo lè lóyún. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, Yánníbo ti lóyún tirẹ̀, táyà ni kò jẹ́ kó rí i bí.

Ohun tí lẹ́tà yẹn kò sọ ni pé bí ìyá tilẹ̀ kú, ẹyin inú rẹ̀ lè wà láàyè. Láti ọdún 1989 ni àwọn Wetlands Institute, ilé iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú àbàtà àti ẹranko inú rẹ̀ ní Stone Harbor, ti ń ṣa àwọn abo tí ọkọ̀ pa, tí wọ́n sì ń yọ ẹyin tí kò fọ́ nínú wọn. Ọ̀kan sábà máa ń ní ẹyin 8 sí 12. Inú àpótí tó móoru ni wọ́n ń kó o sí, fún nǹkan bí oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí yóò fi pa. Ooru ibẹ̀ ló ń yan akọ tàbí abo: bó bá mú dáadáa, abo ni, bó bá rẹlẹ̀, akọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kó mú ni, nítorí abo ni títì ń pa. Yunifásítì Stockton ti ń bá wọn tọ́ àwọn ọmọ náà kọjá ìgbà òtútù, kí wọ́n lè tóbi díẹ̀ kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀ sínú àbàtà.

Mo kan sáárá sí wọn, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìyẹn fi wá lọ́kàn balẹ̀. Abo kan ń lo ọdún mélòó kan kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ló ń yé e lọ lọ́dọọdún fún ìgbà pípẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀: ẹyẹ ń ṣà wọ́n jẹ, akàn ń jẹ wọ́n. Àpótí ẹyin kò lè san gbèsè tí táyà ń jẹ. Ọgbà kékeré tí wọ́n ń fi páìpù àti wáyà ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń ran ni lọ́wọ́, ẹsẹ̀ awakọ̀ lórí bíréèkì ló kù.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ wo ẹ̀yìn yín ná. Bí kò bá séwu, ẹ gbé e sọdá sí ibi tó dojú kọ. Ẹni tó bá dá a padà sínú omi kàn ń jẹ́ kó tún gbéra ni. Ẹ má fi ìrù gbé e. Bí ọkọ̀ bá ti gbá a, ẹ má jù ú sígbó, ẹ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò. Ẹ má sì gbé e lọ sè. Àwọn òyìnbó fúnra wọn jẹ ẹ́ lọ́bẹ̀ láyé àtijọ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, láti ọdún 2016 sì ni òfin New Jersey ti ka pípa rẹ̀ léèwọ̀.

Ẹni tó bá ń pè é ní ọ̀rọ̀ aláìníṣẹ́, kó rántí JFK, pápákọ̀ òfurufú New York tí púpọ̀ nínú wa gbà wọ ìlú yìí. Nínú oṣù kẹfà ọdún 2011, ìjàpá bíi 150 láti inú omi Jamaica Bay tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gun ojú ọ̀nà bàálù láti yé ẹyin, bàálù sì dúró dè wọ́n. Mọ́tò tèmi kò tó bàálù.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín, kí oṣù kẹfà tó wọlé, ẹ bá wa tẹ nọ́ńbà Wetlands Institute sínú ìwé ìròyìn yín. Awakọ̀ Yorùbá pọ̀ lọ́nà yìí, ìwé yín ni wọ́n sì ń kà nígbà tí wọ́n bá ń dúró de èrò.

Èmi ni tiyín,
Awakọ̀ kan,
Atlantic City, New Jersey