Lẹ́tà sí Àkànjí láti ìlú àwọn agbẹ́kùúta

Chennai, Íńdíà

Àkànjí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màámi ní kí n kí ọ. Iṣẹ́ abẹ orúnkún wọn yọrí sí rere, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn láti ìdí bẹ́ẹ̀dì dé ojú fèrèsé. A dúpẹ́. Mo ti ka lẹ́tà rẹ lórí ilẹ̀kùn onígi tí Bàbá yín ò gbẹ́ parí, mò ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àbúrò mi dúró tì wọ́n, ó ní kí n lọ gba atẹ́gùn sára. Mo wọ bọ́ọ̀sì, a gba ọ̀nà etíkun lọ sí apá gúúsù, ó lé ní kìlómítà 50, títí mo fi dé Mahabalipuram, tí wọ́n tún ń pè ní Mamallapuram. Láti ìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ ni orúkọ rẹ ti wà lẹ́nu mi.

Etí ni mo kọ́kọ́ fi mọ ìlú náà. Kí n tó fojú kan òkun rárá ni mo ti ń gbọ́ òòlù lórí irin, kó-kó-kó, láti abẹ́ àtíbàbà kan dé òmíràn, bí ìdí iṣẹ́ Bàbá yín nígbà tí a wà ní kékeré. Òkúta ni wọ́n ń gbẹ́. Eruku rẹ̀ bo irun àwọn ọmọ iṣẹ́ bí ẹni da ìyẹ̀fun sí wọn lórí. Ẹ̀rọ oníná ni àwọn mìíràn fi ń gé e, ṣùgbọ́n tó bá di ojú àti ìka ọwọ́ òrìṣà, òòlù náà ni. Ìjọba tiẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1957.

Àwọn ọba Pallava ló sọ ibẹ̀ di ìlú ńlá, ó ti lé ní 1,300 ọdún. Orúkọ oríkì ọ̀kan nínú wọn, Narasimhavarman Kìíní, ni ìlú ń jẹ́: Mamalla, akin ìjàkadì. Ibi iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ratha Márùn-ún. Ilé òrìṣà márùn-ún ni, àpáta kan ṣoṣo sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọn kò to òkúta lé òkúta. Láti òkè ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ bọ̀ nísàlẹ̀, òrùlé ló kọ́kọ́ jáde, ìpìlẹ̀ ló kẹ́yìn. Èyí tó kéré jù, tí wọ́n fi orúkọ Draupadi, ìyàwó inú Mahabharata, ìtàn àtijọ́ àwọn ará Íńdíà, pè, òrùlé rẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n fi koríko bẹẹrẹ bò, ó tẹ̀ kọrọdọ sórí ògiri. Òkúta ni o! Mo fọwọ́ pa á kí n tó gbà.

Ohun tó mú mi dúró pẹ́ jù ni pé wọn kò parí rẹ̀. Èyí tó tóbi jù nínú márààrún, òkè rẹ̀ dán, ère kún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì rí gbágungbàgun, ojú irin ṣì hàn lára òkúta bí ẹni tó lọ mu omi tí yóò padà wá. Gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tán, ó ku gbẹ́nugbẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá máa ń wí. Níbí, gbẹ́nàgbẹ́nà kò ṣe tán, gbẹ́nugbẹ́nu kò sì dákẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ilẹ̀kùn yín ló sọ sí mi lọ́kàn.

Bàbá àgbàlagbà kan fi ọ̀wọ́ ihò kan hàn mí lára àpáta, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ń ki igi gbígbẹ bọ̀, wọ́n á wá rin ín lómi. Igi á wú, àpáta á là. Igi, Àkànjí! Ohun tí ìwọ ń fi ọwọ́ rẹ gbẹ́ lójoojúmọ́ ni wọ́n fi ń la àpáta.

Mo tún rí ògiri àpáta kan tó fẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 30, ère kún un dẹ́múdẹ́mú. Àwọn kan ní bí odò Ganges ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run ni, àwọn mìíràn ní Arjuna, jagunjagun inú ìtàn Mahabharata, tó ń fìyà jẹ ara rẹ̀ níwájú òrìṣà Shiva ni. Erin ńlá wà níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sá sábẹ́ ikùn rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ológbò kan nàró, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni mímọ́, àwọn eku sì yí i ká. Ẹni tó gbẹ́ ológbò yẹn mọ ayé.

Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó dé tẹ́ḿpìlì etí òkun, èyí tí ọba Rajasimha kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹjọ. Èyí, òkúta gígé ni wọ́n tò ó. Atẹ́gùn oníyọ̀ ti jẹ ojú àwọn akọ màlúù orí ògiri títí wọ́n fi dán bí ọṣẹ tí a ti lò dé ìdajì. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 2004, òkun kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, àwọn ènìyàn rí òkúta tí wọn kò rí rí, kí ìgbì ńlá tó ya bo ìlú. Nígbà tó lọ, yanrìn tó kó lọ fi àwọn ère mìíràn hàn tó ti sin sínú ilẹ̀. Tẹ́ḿpìlì kò wó. Mo jókòó níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Àkànjí, o kọ̀wé pé ojú ń tì ọ́ bí oníbàárà bá rí ilẹ̀kùn tí Bàbá ò gbẹ́ parí kí wọ́n tó lọ, pé o fẹ́ tà á fún oníṣòwò tó ń wá ohun àtijọ́. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì gba owó ọkùnrin yẹn. Ẹlẹ́ṣin tó wà nísàlẹ̀, tí ẹsẹ̀ ẹṣin rẹ̀ kò tíì jáde, ojú irin Bàbá wà lára igi yẹn títí dòní. Bí o bá sì ti fẹ́ gbẹ́ ẹ parí fúnra rẹ, jọ̀wọ́ dúró dè mí. Ní oṣù tó ń bọ̀ ni a ó dé. Mo fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

Èmi ni tìrẹ,
Àjàní