Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Kubwa, Àbújá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Kú ọyẹ́ o. "Severally" tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo wa lánàá ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí o kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé púrúǹtù ló ń lò ó fún "lọ́pọ̀ ìgbà". Má tètè sọ bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ méjì ló ní, ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ló sì pín wọn níyà. Lẹ́nu agbẹjọ́rò, lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Bí èèyàn méjì bá yá mílíọ̀nù 2 náírà ní báǹkì, tí wọ́n fọwọ́ sí "jointly and severally", "jointly" so wọ́n pọ̀, "severally" sì tún mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Báǹkì lè gbá ẹnì kan ṣoṣo mú kó san gbogbo rẹ̀, kó máa lọ bá ìkejì rẹ̀ fà á. Ẹni tó bá rò pé "lọ́pọ̀ ìgbà" ló wà nínú ìwé yẹn ti ta ara rẹ̀ lọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé kan ní Wuse bá ní òun pe ọ̀gá òun "severally", gbogbo ọ́fíìsì ló yé. Ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ńlá náà ti gba ìtumọ̀ yẹn wọlé ní oṣù kìíní ọdún 2020, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ Nàìjíríà mìíràn tí gbogbo wọn jẹ́ 29. "Mama put", "K-leg", "tokunbo" àti "eat money" wà nínú wọn. Nítorí náà, ohun tó yẹ kó o kọ ni pé: nílé wa, lọ́pọ̀ ìgbà, nínú ìwé àdéhùn, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí lẹ́tà bá ń lọ sókè òkun, "repeatedly" ni kó o lò.

Ìlú ìwé àṣẹ ni Àbújá, ọ̀rọ̀ olójú méjì kò sì wọ́n níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó lọ yẹ iṣẹ́ wò, "oversight" ló lọ ṣe. Owó tí akọ̀wé gbàgbé láti kọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, "oversight" náà ni. "Sanction" le jù ú lọ, nítorí ó lè jẹ́ ìfọwọ́sí, ó lè jẹ́ ìyà. Sancire ti èdè Látìn ló ti wá, ìyẹn kí a fi òfin de nǹkan. Òfin kan náà ló ń fàyè gbani tó sì ń jẹni níyà. Bó o ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀ nìyí: bí wọ́n bá ní ọ̀gá "sanctioned the payment", ó fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ "sanctions", tó ní "s" nídìí, ìyà ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Èyí tó lè dá ìpàdé rú pátápátá ni "table". Lọ́dọ̀ wa àti lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kí o "table" ọ̀rọ̀ ni kí o gbé e síwájú ilé kí wọ́n jíròrò lé e. Lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan dìgbà mìíràn ni. Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà ogun náà, àwọn ọ̀gá ológun orílẹ̀-èdè méjèèjì jiyàn títí lórí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wọn ti jọ fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan fẹ́ "table" rẹ̀ torí pé ó jẹ́ kánjúkánjú, àwọn yòókù sì ń kọ̀ torí ohun kan náà. Bí ará Amẹ́ríkà bá wà lórí ìjókòó, kọ "present" tàbí "postpone", kí gbogbo yín lè tètè relé.

Ní ti "sorry", mi ò gbà pẹ̀lú rẹ. O ní àṣìṣe ni kí a sọ ọ́ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, nítorí kì í ṣe àwa la tì í. Ọ̀rọ̀ méjì ni Yorùbá ní níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ẹyọ kan ṣe é: "pẹ̀lẹ́" fún ẹni tí nǹkan ṣe, "má bínú" fún ẹni tí a ṣẹ̀. Nígbà tá a gba "sorry", a di méjèèjì lé e lórí. Àwa nìkan kọ́ o. Aládùúgbò rẹ tó jẹ́ Haúsá ní "sannu", tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́ àti ìkíni, tó bá sì bá ọ lẹ́nu iṣẹ́ a ní "sannu da aiki", bí a ṣe ń ní "ẹ kú iṣẹ́". Ìdí nìyẹn tí "sorry" àti "well done" fi rìn láti Ìbàdàn dé Kánò láìfẹsẹ̀ kọ. Òyìnbó pàápàá ń fi "sorry" bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn, ìdí ọ̀rọ̀ náà nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sì ni sārig, ẹni tó wà nínú ìrora. Ṣùgbọ́n bí àlejò láti Lọ́ńdọ̀nù bá fẹsẹ̀ kọ nínú ọ́fíìsì yín, "are you all right?" ló máa yé e kíákíá. "Well done" lẹ́nu rẹ sì lè dún sí i létí bí ẹni pé o ń fún un ní máàkì.

"Wonderful" ńkọ́? Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ dànù lọ́nà Lọ́kọ́ja, tí màmá kan káwọ́ lérí tó ní "wonderful!", má ṣe rẹ́rìn-ín. Ohun tó yani lẹ́nu, ì báà jẹ́ rere tàbí búburú, ni ọ̀rọ̀ yẹn láyé àtijọ́. Àwọn tó ni ín ló fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n mú rere nìkan.

Ní ti orírun ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá ọ jà díẹ̀. O ní lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ North, East, West àti South ló di "news". Irọ́ ni. "New" ni wọ́n fi "s" sí nídìí: àwọn ohun tuntun. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti wà ṣáájú ọdún 1900 kì í sábà tinú lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ wá, àṣà yẹn kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà. Bí ìtàn bá sì dùn jù, túbọ̀ fura sí i. "Salary" bá iyọ̀ tan lóòótọ́, salarium àti sal ti Látìn, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé iyọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n fún ọmọ ogun Róòmù lóṣooṣù.

Èyí tó sún mọ́ ọ jù ni "boko", orúkọ tí Haúsá ń pe ẹ̀kọ́ Òyìnbó, tó o ní "book" ló bí i. Mo mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ létí rẹ. Èdè tó bá yá ọ̀rọ̀ a máa tún un ṣe bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí. Haúsá kò ní "p" ti Gẹ̀ẹ́sì, ni "paint" fi di fenti, tí "pencil" di fensir. Àwa náà kò ní "z", la ṣe ń lọ wo kìnnìún ní sú. "Book" sì lè di boko láìṣòro. Ìtumọ̀ ni kò bá a mu. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè Haúsá tí Bargery ṣe jáde ní 1934, ẹ̀tàn àti ìdíbọ́n ni boko, kò sí ìwé níbẹ̀. Paul Newman, ọ̀mọ̀wé èdè Haúsá láti Amẹ́ríkà, tú u palẹ̀ ní 2013 pé ọ̀rọ̀ Haúsá ni látilẹ̀, tí wọ́n fi pe ilé ẹ̀kọ́ Òyìnbó nítorí pé wọ́n kà á sí ẹ̀kọ́ ẹ̀tàn. Ìwé gan-an, littafi ni wọ́n ń pè é, látinú èdè Lárúbáwá. Nítorí náà, bí ìró méjì bá jọra, wá ìtumọ̀ tó dàgbà jù lọ kó o tó sọ pé wọ́n bára tan.

Nígbà tó o bá ṣí Oxford ńlá yẹn, má ṣe mú ìtumọ̀ kìíní sáré. Bí ọjọ́ orí ni wọ́n ṣe tò wọ́n, èyí tó wà lókè lè ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Ibẹ̀ lo ti bá òmùgọ̀ pàdé lábẹ́ "nice". Òótọ́ ni o, nescius ti Látìn ni ìdí rẹ̀, ẹni tí kò mọ nǹkan. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bú ọ bó bá pè ọ́ bẹ́ẹ̀ lónìí. Wo ọdún tó wà lára àpẹẹrẹ ìkẹyìn, kó o sì wo orúkọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bó o bá fẹ́ mọ ẹni tó ń lo ọ̀rọ̀, lọ sórí GloWbE, àkójọ Gẹ̀ẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì láti orílẹ̀-èdè 20, tí Nàìjíríà wà nínú wọn. Yan "Chart", tẹ ọ̀rọ̀ náà, kó o wo iye rẹ̀ nínú mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àròpọ̀. Àròpọ̀ yóò tàn ọ́ jẹ: ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó láti Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù 380, tiwa jẹ́ bíi mílíọ̀nù 43. Google Ngram, tó ń fi hàn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde nínú ìwé lọ́dọọdún, dára fún ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ìwé nìkan ló ń kà, ọ̀rọ̀ ìgboro kì í pọ̀ níbẹ̀. Nínú ìwé tó ṣáájú 1800, ó sì máa ń ka "s" gígùn ayé àtijọ́ sí "f", "best" á di "beft". Má wá sọ fún wa pé o ti rí ọ̀rọ̀ tuntun.

Mo gbọ́ pé "next tomorrow" lo fẹ́ fi bú àwọn ará Nyanya lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Yorùbá ní ọ̀túnla, Jámánì ní übermorgen. Gẹ̀ẹ́sì náà ti ní "overmorrow" rí, ó wà nínú Bíbélì tí Coverdale tẹ̀ jáde ní 1535, kí wọ́n tó jẹ́ kó sọnù tí wọ́n ń fi "the day after tomorrow" dí àyè rẹ̀. "Overmorrow" ni kó o fi ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀túnla náà ni kó o fi í ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ