Ta Ni Nátánì Ń Bá Wí?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ wa obìnrin kan tó wà ní yunifásítì mú ìwé eléwé ogójì kan wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi ka ohun tí mo kọ síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ó nídìí tó fi bẹ̀ mí. Àwọn tó ti pẹ́ nínú ìjọ yìí á rántí bí mo ṣe máa ń na sinimá ní pàṣán lórí àga ìwàásù láyé ìjọ́un. (Ìyàwó mi náà rántí pé èmi kan náà kì í jẹ́ kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n kí eré tó parí.)

Fíìmù mẹ́ta ló wò nígbà ìsinmi. Ti Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, kò gbà á ní ju ìlà mẹ́rin lọ. Ó ní gbogbo yàrá ń bú àwọn ìjòyè tó gbowó lọ́wọ́ onígẹdú, ṣùgbọ́n ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù ni ẹni tó kó owó tí kíláàsì wọn dá jẹ. Ti Schindler, ará Jámánì tó gba àwọn Júù tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan là nígbà ogun Hitler, ìlà kan péré: pé ó wo báàjì wúrà tó wà láyà ẹ̀wù rẹ̀, ó sunkún pé òun ìbá tà á, òun ìbá fi gba ẹni méjì sí i.

Ẹ̀kẹta ni fíìmù Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó dé ilé sinimá ní 2024. Ojú ewé mọ́kànlá ló fi kọ ìyẹn. Ìtàn ilé wa sáà ni: bí àwọn agbowó-orí ṣe ń tú ọ̀dọ́mọbìnrin síhòòhò láti mọ̀ bóyá ó ti tó ẹni tó ń san owó orí, bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ṣe lọ fi orin dúró sẹ́nu ààfin Aké ní 1947, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949. (Ó padà wá ní 1950, ìyẹn kò sí nínú ìwé ọmọ náà.)

Òun àti ìyá rẹ̀, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ni wọ́n jọ wò ó. Ó kọ ọ́ báyìí: "Ibi tí a ti ń sunkún ni mo ti gbójú sókè. Ọmọ tó ń bá wa gbé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ ẹ̀pà lọ́wọ́, ó ń wò. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó. Màmá mi nu ojú wọn, wọ́n ní kó lọ gbé ata kaná. Bùkọ́ là ń pè é. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Orúkọ ẹni tó ti ń bá wa gbé kí òun tó dé ni."

Mo gbàyè lọ́wọ́ tìyá-tọmọ kí n tó kọ èyí. Ìyá yẹn gan-an ló ní kí n má yọ ata kúrò níbẹ̀.

Wòlíì Nátánì kò bá Dáfídì ọba jà. Ìtàn ló sọ fún un (2 Sámúẹ́lì 12): ọlọ́rọ̀ kan, òtòṣì kan, abo ọ̀dọ́-àgùntàn kan ṣoṣo tó ń sùn láyà òtòṣì náà, tí ọlọ́rọ̀ wá gbà, tó fi ṣe àlejò. Inú bí ọba débi pé ó dájọ́ ikú. Ìbínú òdodo ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé Dáfídì mọ ẹ̀tọ́ àgùntàn tí kò rí rí, Ùráyà tó jagun fún un, tí òun fúnra rẹ̀ gba ìyàwó rẹ̀ tó sì ṣekú pa, ni kò wá sí i lọ́kàn, àfi ìgbà tí wòlíì ní, "Ìwọ ni ọkùnrin náà."

Èmi ńkọ́? Kí n tó ka ojú ewé kejì tán, mo ti rí ẹni mẹ́ta nínú ìjọ wa tí ọ̀rọ̀ náà bá mu wẹ́kú. Mo tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n máa ń jókòó. Mo délé, bàbá ọlọ́dẹ ṣí géètì fún mi. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń ṣí i. Mi ò mọ iye ọmọ tí wọ́n bí.

Ìyá Ransome-Kuti pàápàá kò bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́jà. Ìyàwó àlùfáà ni, ọkọ rẹ̀ ni ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ló sì ń darí. Ní 1944 ni wọ́n mú ìyá ọlọ́jà kan tó fẹ́ mọ̀wé kà wá bá a. Ó kọ́ ọ, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ìdí ẹ̀kọ́ yẹn ló ti gbọ́ bí àwọn aláṣẹ ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà láìsanwó. Nígbà tó yá ó pa gáùn tì, ó ń ró ìró bíi tiwọn. Tí ẹ bá bi mí, ibẹ̀ ni ìjà owó orí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹnu ààfin.

A ó ka orí kejìlá yẹn ní ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì lálẹ́ Ọjọ́rú. Ẹ mú ọmọ tó ń bá yín gbé dání, ẹ jẹ́ kó jókòó ti yín.

Ọmọ wa ní òun ti bi Bùkọ́ pé kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ohun tó kọ́kọ́ fi dá a lóhùn ni pé, "Àǹtí, kí ni mo ṣe?"

Olùṣọ́-àgùntàn yín.